Ìbéèrè Yín: Àwòrán Àtijọ́ láti Àwọn Oko Màlúù Orí Òkè

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá, a tẹ àwọn àwòrán àtijọ́ mélòó kan jáde láti àfonífojì méjì tó wà láàárín òkè ní Amẹ́ríkà: agbègbè ìlú kékeré Encampment ní ìpínlẹ̀ Wyoming, àti àfonífojì Big Hole ní ìpínlẹ̀ Montana. Ìgbé ayé ojoojúmọ́ àwọn tó ń sin màlúù níbẹ̀, láti 1899 títí di 1942, ni àwọn àwòrán náà dá lé. Lẹ́tà tó wọlé lórí wọn pọ̀ ju ohun tí ojú ewé yìí lè gbà lọ, nítorí náà a mú àwọn tí ìbéèrè wọn jọ ti ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn.

Ìbéèrè (láti Ìbàdàn): Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán kan pé ọmọbìnrin ọmọ ọdún 16 ló yà á ní 1899. Báwo ni ọmọ abúlé orí òkè ṣe rí kámẹ́rà lò ní àkókò yẹn, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ìyá wa àgbà níhìn-ín ní láti rìnrìn àjò wá sí ìgboro kí wọ́n tó lè ya fọ́tò ẹyọ kan ṣoṣo?

Ìdáhùn: Lora Webb Nichols ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Ìlú Boulder ní ìpínlẹ̀ Colorado ni wọ́n ti bí i ní 1883, kí àwọn òbí rẹ̀ tó kó lọ sí agbègbè Encampment, tó ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 7,200 ẹsẹ̀ bàtà, lẹ́bàá òkè Sierra Madre. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 16 ní oṣù kẹwàá 1899, awakùsà kan tó ń jẹ́ Bert Oldman fi kámẹ́rà ta á lọ́rẹ, ó sì fẹ́ ẹ sílé ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ohun méjì ló gbé irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ dé ibi tó jìnnà tó báyìí. Èkíní ni pé iṣẹ́ àwòrán yíyà ti rọrùn. Títí di nǹkan bí 1880, ẹni tó bá fẹ́ yàwòrán níta gbọ́dọ̀ máa gbé àgọ́ òkùnkùn kiri, kó da oògùn sórí gíláàsì fúnra rẹ̀, kó sì ya àwòrán náà kí oògùn tó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gíláàsì tí oògùn ti gbẹ sójú rẹ̀, tí ènìyàn lè rà ní páálí kó sì tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi fẹ́ lò ó. Ní 1888, George Eastman gbé Kodak tó ń lo fíìmù kíká jáde, nígbà tó sì di 1900, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ta kámẹ́rà Brownie ní dọ́là 1 péré.

Ohun kejì ni owó kùsà. Ní 1897, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ed Haggarty rí bàbà lórí òkè tó wà lókè Encampment, ni èrò bá ya bo ibẹ̀. Wọ́n na wáyà tó gùn tó 16 máìlì kọjá lórí òkè, tí garawa ńlá ń gbé òkúta bàbà gba ojú ọ̀run lọ sí ilé ìyọ́kùsà. Níbi tí owó bá wà, ọjà àti lẹ́tà máa ń dé ibẹ̀, kámẹ́rà náà sì bá wọn dé. Ṣùgbọ́n iná jó ilé ìyọ́kùsà, iye owó bàbà sì wálẹ̀ ní 1907, nígbà tó sì di 1908 gbogbo rẹ̀ ti dá. Awakùsà palẹ̀ mọ́, olóko màlúù dúró, Lora náà sì dúró. Ìdí nìyí tí àwọn àwòrán rẹ̀ ìṣáájú fi kún fún awakùsà àti ẹ̀rọ, tí àwọn ti ìgbẹ̀yìn sì kún fún ẹṣin, koríko, ọmọ wẹ́wẹ́, ajá àti aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

Fúnra rẹ̀ ló ń fọ àwòrán tó bá yà, ó sì ń fi iṣẹ́ náà gbọ́ bùkátà. Ní 1925, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tó pè ní Rocky Mountain Studio, níbi tó ti ń bá ará ìlú fọ fíìmù wọn. Bí ẹlòmíràn bá gbé fíìmù wá, tí àwòrán inú rẹ̀ sì wù ú, ó máa ń tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ tirẹ̀, títí ìkójọ náà fi di nǹkan bí 24,000 nẹ́gátíìfù. Láti ìgbà ọmọdé náà ló ti ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sínú ìwé, kò sì dáwọ́ rẹ̀ dúró títí tó fi kú ní 1962. Àpapọ̀ àwòrán àti ìwé ojoojúmọ́ yìí ni mo kà sí ìṣúra tó ju ìṣúra lọ. Àjèjì ayàwòrán ìbá lọ wá ọkùnrin tó gun ẹṣin tó sì gbé ìbọn dání, nítorí irú rẹ̀ ni ará ìgboro ń rà. Ọmọ ilé nìkan ló lè ya obìnrin tó ń fọ irun orí rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, òun náà sì lè fọ tirẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ilé ìpamọ́ American Heritage Center ní Yunifásítì Wyoming ló ń tọ́jú ìkójọ náà lónìí.

Ìbéèrè (láti Ọ̀fà): Wọ́n sọ fún wa pé àwọn ará àtijọ́ kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò nítorí pé kámẹ́rà máa ń pẹ́ kó tó yà wọ́n. Kí ló dé tí àwọn kan fi ń rẹ́rìn-ín nínú èyí tí ẹ tẹ̀, kí ló sì dé tí wọ́n gbé àga pálọ̀ síta gbangba?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ fún yín bó bá jẹ́ ti nǹkan bí 1840, nígbà tí ẹni tí wọ́n ń yà ní láti dúró bí ère fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tí Lora bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí oòrùn bá ràn dáadáa, ìṣẹ́jú àáyá kan kì í pé kí àwòrán tó wọlé. Ojú líle tí a ń rí nínú fọ́tò ìgbà yẹn jẹ́ ti àṣà: ẹni tó lọ sílé ayàwòrán, tó wọ aṣọ tó dára jù lọ, tó sì sanwó, fẹ́ kí wọ́n rí òun bí ènìyàn pàtàkì. Àwọn ìyá wa tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan nínú fọ́tò nílé wa náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rẹ́ bá ń ya ọ̀rẹ́ lẹ́yìnkùlé, kò sí ẹni tó ń ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni.

Ti àga, ìmọ́lẹ̀ ló fà á. Ilé onígi orí òkè ní fèrèsé kéékèèké kí òtútù má bàa wọlé, inú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ẹni tó bá fẹ́ yàwòrán nínú ilé gbọ́dọ̀ tan ìyẹ̀fun magnesium, tó máa ń bú gbàù tí yóò sì fi èéfín kún yàrá. Ó rọrùn láti gbé àga, ẹní ilẹ̀ àti ọmọ jòjòló síta. Bí ẹ bá wo ìsàlẹ̀ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fínnífínní, ẹ ó rí koríko tó yọ létí ẹní.

Ìbéèrè (láti Ìṣẹ́yìn): Èmi bàbá yín ti sin màlúù rí, mo sì mọ àwọn Fúlàní tó wà ní gáà ìtòsí wa dáadáa. Ẹran ni a máa ń dà lọ bá koríko. Nínú àwòrán yín, mo rí igi gbọọrọ tí wọ́n tò bí ẹ̀gbẹ́ òrùlé, òkìtì koríko tó ga ju ilé lọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí màlúù kankan nítòsí. Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ fi ojú ẹni tó mọ màlúù wo àwòrán náà. Beaverslide ni wọ́n ń pe igi yẹn. Àwọn olóko méjì ní Big Hole, D. J. Stephens àti Herbert Armitage, ló ṣe é, ìjọba sì fún wọn ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1910. Àwọn ẹṣin á kọ́kọ́ fa ẹ̀rọ tó ń gé koríko, òmíràn á wọ́ ọ jọ, òmíràn á sì tì í dé ìdí igi náà, níbi tí apẹ̀rẹ̀ onígi fífẹ̀ kan wà nílẹ̀. Wáyà gba orí igi kọjá láti ara apẹ̀rẹ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ẹṣin méjì mìíràn. Bí ẹṣin wọ̀nyí bá ti ń rìn síwájú, apẹ̀rẹ̀ á máa gun igi lọ sókè. Bó bá dé góńgó, koríko á ya lulẹ̀ sẹ́yìn, sórí òkìtì. Àwọn ọkùnrin tó di àmúga onígi gígùn mú lórí òkìtì ni yóò tẹ́ ẹ, wọn á fi ẹsẹ̀ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn á sì ṣe orí rẹ̀ roboto kí omi yìnyín lè máa ṣàn kúrò. Ẹṣin á padà sẹ́yìn, apẹ̀rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òkìtì bá pé, wọ́n á wọ́ gbogbo igi náà lọ síbòmíràn nínú pápá. Òkìtì bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n fún Big Hole ní ìnagijẹ Àfonífojì Ẹgbàárùn-ún Òkìtì Koríko.

Ohun tó fa gbogbo làálàá yìí ni ìgbà òtútù. Ní ibi gíga bẹ́ẹ̀, nǹkan bí oṣù mẹ́ta péré ni koríko fi ń dàgbà, yìnyín á sì bo ilẹ̀ fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún tó kù. Tẹ́lẹ̀ rí, àwọn olówó màlúù Wyoming àti Montana a máa fi ẹran wọn sílẹ̀ nínú pápá gbangba láti wá oúnjẹ ara wọn láàárín yìnyín. Ní 1886, ọ̀dá mú, màlúù sì ti pọ̀ ju koríko lọ; ìgbà òtútù tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà tó sì wọ 1887 le débi pé yìnyín dì bí òkúta lórí koríko, ọ̀kẹ́ àìmọye màlúù sì kú sórí ìdúró. Àwọn tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ náà kọ́gbọ́n: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún sọgbà, wọ́n ń darí omi odò sínú pápá, wọ́n sì ń gé koríko pamọ́. Màlúù kan lè jẹ tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù méjì kí ìgbà òtútù irú ibẹ̀ tó parí.

Màlúù tí ẹ kò rí, orí òkè ló wà. Bí yìnyín bá ti yọ́ tán, àwọn olóko á fi irin gbígbóná sàmì sára àwọn ọmọ màlúù, wọ́n á sì da gbogbo agbo lọ sínú igbó ìjọba lókè, níbi tí olóko ti ń sanwó lórí ẹran kọ̀ọ̀kan láti 1906. Ìgbà tí wọ́n bá wà lókè ni ilẹ̀ àfonífojì máa ń ráyè hu koríko tí wọ́n á gé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àwòrán tí koríko pọ̀ nínú rẹ̀ tí kò sí ẹran, ẹ mọ̀ pé oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ ni. Bí ẹ bá sì rí ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí kò ní táyà, tí ẹṣin méjì ń fà lórí yìnyín, tí ọkùnrin kan ń fi àmúga da koríko sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí màlúù sì tò tẹ̀ lé e, ìgbà òtútù nìyẹn. Iṣẹ́ yẹn kò ní ìsinmi, kódà ní ọjọ́ Kérésìmesì, olóko náà sì gbọ́dọ̀ fi àáké la yìnyín odò kí ẹran tó rí omi mu.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti àwọn Fúlàní tí ẹ mẹ́nu kàn wà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń da ẹran tẹ̀ lé ìgbà, ṣùgbọ́n òfin 1862 fún ẹni tó bá gbé orí ilẹ̀ tó sì ro ó fún ọdún márùn-ún ní éékà 160, òfin 1916 sì sọ ọ́ di 640 fún àwọn tó ń sin ẹran, nítorí náà olóko ní ilẹ̀ tí yóò padà sí. Obìnrin tí kò lọ́kọ, tó ti pé ọmọ ọdún 21, lè gba ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Nítorí èyí ni ẹ fi rí obìnrin níbi gbogbo iṣẹ́ nínú àwọn àwòrán náà.

Ìbéèrè (láti Houston): Gbogbo ojú tó wà nínú àwòrán yín jẹ́ ti òyìnbó. Ṣé kò sí aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn darandaran wọ̀nyẹn ni? Àwọn tó ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀, wọ́n sì pọ̀. Àwọn òpìtàn máa ń fojú dá a pé tí a bá kó darandaran mẹ́rin jọ ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ dúdú, pàápàá jù lọ ní Texas tí ẹ ń gbé. Nat Love, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Tennessee ní 1854, wà lára wọn. Àwòrán rẹ̀ tó lókìkí jù ni èyí tó dúró sí pẹ̀lú ìbọn, okùn àti gàárì ẹṣin. Bill Pickett, ọmọ Texas tí wọ́n bí ní 1870, ló dá eré kan sílẹ̀ tí ènìyàn fi ń fò látorí ẹṣin láti di màlúù mú ní ìwo kó sì gbé e ṣubú. Ṣùgbọ́n ìlú kékeré orí òkè bí Encampment kò ní aláwọ̀ dúdú púpọ̀, ẹni tí kò bá sì gbé ládùúgbò ayàwòrán kò lè wọ inú àwòrán ojoojúmọ́ rẹ̀.

Ti àwọn onílẹ̀ wúwo ju èyí lọ. Àwọn Ute, Arapaho, Cheyenne àti Shoshone ló ń dọdẹ ní apá ibi tí Wyoming wà lónìí kí oko màlúù kankan tó débẹ̀. Ní Big Hole, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 1877, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kọ lu àgọ́ àwọn Nez Perce tó ń sá kúrò nílẹ̀ bàbá wọn, wọ́n sì yìnbọn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, obìnrin àti ọmọdé pẹ̀lú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn olóko fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó màlúù wọ àfonífojì náà. Nígbà tí Russell Lee, ọ̀kan lára àwọn ayàwòrán tí ìjọba ń rán káàkiri, dé ibẹ̀ ní 1942 láti ya àwọn tó ń ṣa koríko jọ, ọdún 65 péré ló ti kọjá. Ó yẹ kí a wo àwọn òkìtì koríko rírẹwà yẹn kí a sì rántí èyí, nítorí àwọn àwòrán náà fúnra wọn kò ní sọ ọ́.

Ìbéèrè (láti Adó-Èkìtì): Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní oko màlúù Obudu ní àwọn ọdún 1950. Wọ́n ti ṣaláìsí, wọ́n sì fi álúbọ́ọ̀mù kan sílẹ̀ tí fọ́tò inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ojú ewé, pẹ̀lú àpò kékeré kan tí fíìmù wà nínú rẹ̀. A kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn yàtọ̀ sí bàbá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Inú mi dùn gan-an sí lẹ́tà yín. Ní 1951 ni àwọn olóko ará Scotland dá Obudu sílẹ̀ lórí òkè Sankwala, ní ìpínlẹ̀ Cross River òde òní, níbi tó ga tó nǹkan bí 1,600 mítà tí òtútù rẹ̀ kò sì jẹ́ kí eṣinṣin tó ń gbé àìsàn wọ màlúù rọ́wọ́ mú. Ẹni tó wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ tó sì ní fọ́tò nílé kò lè pọ̀.

Ẹ má ṣe fi agbára ṣí fọ́tò kankan kúrò, ẹ má sì fi omi kàn án. Ẹ kọ́kọ́ ya odindi ojú ewé kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ti dé ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ràn sí tààrà. Lẹ́yìn náà, èyí tí etí rẹ̀ bá ti ṣí díẹ̀, ẹ lè fi òwú tín-ín-rín tí wọ́n fi ń fọ eyín, irú èyí tí kò ní ìda lára, fà á díẹ̀díẹ̀ láàárín fọ́tò àti ewé. Bó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gbé àwọn tó bá jáde lọ sí ibi tí wọ́n ti lè skáànì wọn ní 600 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe máa hàn kedere tó), ẹ sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò ìwé, kì í ṣe nínú ọ̀rá, nítorí ọ̀rá a máa mú ooru àti omi mọ́ ara fọ́tò. Orí pẹpẹ nínú yàrá gbígbẹ ni kí ẹ gbé wọn sí. Ẹ má gbé wọn sórí sìmẹ́ńtì, nítorí ọ̀rinrin àti ikán.

Ti fíìmù, ẹ wo etí rẹ̀ lójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ Nitrate níbẹ̀, ẹ má ṣe gbé e sún mọ́ iná tàbí sítóòfù rárá, nítorí irú fíìmù àtijọ́ yẹn ń gbiná wàràwàrà. Bí ó bá jẹ́ Safety ni, kò séwu. Èyí tó bá ń rùn bíi fínígà ti ń bàjẹ́, òun sì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lọ skáànì.

Orúkọ ni kò ní dúró dè yín. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó bá bàbá yín ṣiṣẹ́ bá ṣì wà láyé, tàbí àwọn ọmọ wọn, ẹ mú fọ́tò náà tọ̀ wọ́n lọ ní oṣù yìí, kí ẹ sì tan ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ inú fóònù yín. Ẹ má kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta nìyí; ẹ bi wọ́n nípa màlúù, ọgbà tàbí ilé tó wà lẹ́yìn, nítorí ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló máa ń kọ́kọ́ padà wá sí ìrántí, orúkọ á sì tẹ̀ lé e. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí ẹ fi kọ orúkọ, ibi àti ọdún sí ẹ̀yìn fọ́tò létí, kì í ṣe bírò tí yíǹkì rẹ̀ ń rá dé iwájú. Kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún yín pẹ̀lú. Èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ fi àmì ìbéèrè sí i. Kí ẹ tó yọ fọ́tò àkọ́kọ́, ẹ fún ojú ewé kọ̀ọ̀kan àti àyè kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀ ní nọ́ńbà, kí nọ́ńbà kan náà sì wà lẹ́yìn fọ́tò tó ti ibẹ̀ jáde, nítorí bí bàbá yín ṣe tò wọ́n tẹ̀ léra lè sọ fún yín èyí tí wọ́n yà ní ọjọ́ kan náà.